Ìka Mẹ́rin ní Etí Aṣọ

Bí o bá gbé aṣọ lọ sọ́dọ̀ Sarat Àjọkẹ́ ní Sabon Gari, má retí ẹ̀rín. Píìnì ló máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹni tó sì kó píìnì sẹ́nu kò lè máa rẹ́rìn-ín kiri. Yóò wò ọ́ láti orí dé ẹsẹ̀, yóò fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìwọ̀n rẹ sára ògiri, yóò sì dá ọjọ́ fún ọ. Bí o bá lọ ṣáájú ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ ara rẹ lo fi rìn lọ gba èébú. Ìyá Hámzàt ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọmọ Ìlọrin ni, ṣùgbọ́n bí inú bá bí i gan-an, Hausa ló fi ń bínú, nítorí Zaria ló ti dàgbà.

N kò fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, kí n tètè sọ ìyẹn. Monísọ́lá lorúkọ mi, tíṣà ni mí ní Wusasa, èmi sì ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tí a dá sílẹ̀ lọ́dún 1978 láti ran àwọn ọmọ kan lọ́wọ́ ní ilẹ̀ Zambia. Ọmọbìnrin ni gbogbo wọn, ọgọ́fà ni wọ́n. Ogun Rodéṣíà ló lé wọn sọdá odò wá, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò sì ní bàbá tàbí ìyá mọ́. A gbọ́ pé wọ́n ti ń kàwé lábẹ́ igi nínú àgọ́ tí wọ́n wà, ṣùgbọ́n aṣọ tí wọ́n wọ̀ sá wá ti gbó mọ́ wọn lára. Ṣọ́ọ̀ṣì wa dá owó, mọ́sálásí àwọn Yorùbá ní Sabon Gari dá owó, àwọn olùkọ́ yunifásítì ní Samaru náà dá tiwọn. A fi ra aṣọ búlúù ní Kàdúná, a sì gbé e fún Ìyá Hámzàt, tó ti ní òun kò ní gba kọ́bọ̀ owó iṣẹ́.

Ọjọ́ orí àwọn ọmọ náà ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa, wọn ò fi ìwọ̀n wọn kún un. Ìyẹn kò dààmú Ìyá Hámzàt. Ó wá sí kíláàsì mi, ó to àwọn ọmọ mi sí ìlà láti orí ọmọ ọdún méje dé orí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì bá àwọn tó ń rẹ́rìn-ín wí. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ó rán gáùn kan, ó gbé e wá sí ìpàdé kí a wò ó. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Dókítà Adélàjà, alága wa, ló yí etí ìsàlẹ̀ gáùn náà padà. Olùkọ́ ìṣirò ni ní yunifásítì, kò sí ohun tí kì í ṣírò. Ó rí i pé aṣọ tí Ìyá Hámzàt ká sínú níbẹ̀ fẹ̀ tó ìka mẹ́rin. Ó mú bírò, ó kọ nǹkan sórí ìwé, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Ìyá Hámzàt, bí ẹ bá ń ká ìka mẹ́rin sínú báyìí, aṣọ tó wà nílẹ̀ kò ní kárí. Ọmọ mẹ́rìnlá ni kò ní rí gáùn wọ̀."

"Ìka kan ti tó," mo dá sí i. "Kí la fẹ́ fi aṣọ tí ẹnikẹ́ni ò ní rí ṣe?"

"Ọmọ ń dàgbà," ni Ìyá Hámzàt dáhùn.

"Ẹ jẹ́ kó rí aṣọ wọ̀ ná kó tó dàgbà!" Inú ti bí mi. Mo bi í pé ta ni yóò kọ lẹ́tà sí àwọn mẹ́rìnlá náà, pé etí aṣọ àwọn ẹgbẹ́ wọn ló jẹ tiwọn.

Ó yọ píìnì kúrò lẹ́nu, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, ó gún wọn mọ́ apá bùbá rẹ̀. N kò rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ rí nítorí ọ̀rọ̀ lásán.

"Tíṣà, ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí ìyá mi kú ní Ìlọrin. Rélùwéè ni àbúrò bàbá mi fi gbé mi wá síbí. Wọn ò fìyà jẹ mí o, mi ò ní í purọ́ mọ́ wọn, wàláhì. Nígbà tí ọdún Ìtúnu dé, wọ́n rán aṣọ fún gbogbo ọmọ ilé, wọ́n rán fún èmi náà. Mo ń jó kiri. Nígbà tí ọdún yípo, ìyàwó ilé jókòó, ó ń tú etí aṣọ àwọn ọmọ rẹ̀ kó lè gùn sí i. Mo gbé tèmi wá. Ó yí etí rẹ̀ padà, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n gé e mọ́ mi lára. Wọ́n rán an bí ẹni pé mi ò ní í dé ọdún tó ń bọ̀."

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ìtìjú kò lè rán gáùn mẹ́rìnlá. Dókítà Adélàjà rọra sọ èyí tó kù láti sọ: "A gbọ́ yín, Ìyá Hámzàt. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí ọkọ̀ tó máa kó ẹrù náà dé, owó ti tán nílẹ̀. A ò lè fi ọmọ mẹ́rìnlá sílẹ̀ níhòòhò. Bí aṣọ kò bá kárí, a ó gé ìka mẹ́rin yẹn kù."

"Tò, mo ti gbọ́," ó ní. "Ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta."

Iléyá ń bọ̀ lọ́nà, aṣọ àwọn oníbàárà ga nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, síbẹ̀ ó tilẹ̀kùn bí ilẹ̀ ṣe mọ́. Ó ní kí n gbé àpò kí n máa tẹ̀ lé òun. Mo rò pé owó la ń lọ tọrọ. Ọjà ló mú mi wọ̀, ó di ọ̀dọ̀ Alhaji Wahab, aláṣọ ará Ọ̀yọ́. Gbogbo Sabon Gari ló mọ Alhaji yìí: bó bá wọn ọ̀pá kan fún ọ, ọ̀pá kan náà ni, kò ní í fi ìwọ̀n èékánná lé e.

"Alhaji, ẹ kú ọjà o. Mo wá gba èènì mi."

"Èènì kẹ̀? Kí lo rà?"

"Ọdún mélòó ni mo ti ń ra aṣọ lọ́wọ́ yín?"

Alhaji ronú. "Á tó ogún ọdún."

"Ǹjẹ́ mo béèrè èènì rí?"

Ó tún ronú, nítorí ahun ni, kì í ṣe òpùrọ́. "O ò béèrè rí."

"Òní ni mo wá gbà á. Aṣọ búlúù yẹn ni mo fẹ́."

Mo wá ibi tí mo lè fi ojú sí, n kò rí. Ta ló gbọ́ ọ rí pé èèyàn ń gba èènì ogún ọdún lọ́jọ́ kan ṣoṣo? Alhaji béèrè ẹni tó fẹ́ rán an fún, ó sì sọ fún un.

"Ṣé Mùsùlùmí ni wọ́n?"

"Hàbá, Alhaji. Ọmọ òrukàn ni wọ́n."

Alhaji wò ó. Ó ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, ó mọ ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ. Ó fa aṣọ búlúù náà sílẹ̀, ó wọn ọ̀pá mẹ́ta, ó mú sísọ́ọ̀sì, ó tún gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó sì na aṣọ náà sí i ní gígùn apá. "Ìyẹn ni èènì orí èènì," ó ní, "má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Kó tó di ọ̀sán gbogbo ọjà ti gbọ́. Àwọn aláṣọ ń pè wá láti òdìkejì ọ̀nà pé, "Ìyá Hámzàt, wá gba tìrẹ!" Lọ́jọ́ kejì, àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Wusasa náà wọ ọjà, oníkálùkù ń gba èènì ọdún tó ti pẹ́. Ẹnì kan gba aṣọ àwọ̀ ewé wá, a dá a padà. Ní ọjọ́ kẹta Dókítà Adélàjà wọn gbogbo rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ó tó gáùn mẹ́rìnlá, ó sì ṣẹ́ kù.

Nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì la ti rán wọn. Àwọn télọ̀ Hausa tó wà lójúlé kejì sí Ìyá Hámzàt gbé maṣíìnì wọn wá, àwa tí a ò mọ iṣẹ́ ń fọwọ́ gán etí. Ó ń yí wa ká, ó ń fi ìka wọn iṣẹ́ wa. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi ó dúró.

"Tíṣà, ìka mẹ́ta nìyí. Ṣé ọmọ yìí máa dàgbà dé ìdajì ni?" Ó tú u sí mi lọ́wọ́. Mo tún un rán. Ọgọ́fà gáùn ló wọ ọkọ̀, kò dín ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà a kò gbọ́ nǹkan kan ju ìwé kékeré kan lọ, pé ẹrù ti dé. Ogun parí lọ́hùn-ún, orílẹ̀-èdè náà gba òmìnira, àwọn ọmọ náà padà sílé. Mo rò pé ó ti tán nìyẹn.

Ní oṣù kejì ọdún 1981 ni lẹ́tà kan dé láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ tó ti wà pẹ̀lú wọn nínú àgọ́. Fọ́tò kan wà nínú rẹ̀: ọmọbìnrin mẹ́rin lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, nínú gáùn wa. Mo sáré gbé e lọ sí Sabon Gari. Mo ń túmọ̀ lẹ́tà náà fún Ìyá Hámzàt, pé ara wọn le, pé wọ́n ń kàwé, àmọ́ kò gbọ́ mi. Fọ́tò ló tẹjú mọ́.

"Fọ́tò yẹn ti bàjẹ́ díẹ̀," mo ní. "Ẹ wo ìlà dúdú tó wà nísàlẹ̀ gáùn wọn. Bóyá omi ló kàn án."

Ó yọ píìnì kúrò lẹ́nu. "Tíṣà tó mọ̀wé! Gáùn ti ṣá lókè, oòrùn ò sì dé ìsàlẹ̀ ibẹ̀ yẹn rí. Inú ló wà. Wọ́n ti tú u."

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo tún un wò. Lóòótọ́ ni. Ìlà náà fẹ̀ dọ́gba lára àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gáùn náà sì dé orúnkún wọn dáadáa. Nígbà tí mo gbójú sókè, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín yìí ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà ń sunkún, inú mi dùn púpọ̀. Ó gba fọ́tò náà padà, ó ń fi ìka tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Èyí dé ọdún tó ń bọ̀," ó ní. "Èyí náà dé e. Èyí dé e. Èyí náà dé e."