Eruku Ló Pa Mùkáílà, Kì Í Ṣe Àbíjàn

Mùkáílà kú lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, nínú ọyẹ́, nílé bàbá rẹ̀ ní Èjìgbò. Ìjókòó ló kú sí, nítorí ó ti pẹ́ tí kò ti lè fẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́. Bó bá dùbúlẹ̀ báyìí, èémí á há. Nímọ́tà ìyàwó rẹ̀ ló fi àyà gbé e dúró. Ó sọ fún mi pé òun rò pé oorun ló gbé e lọ, inú òun tilẹ̀ dùn pé ikọ́ náà fún un láyè díẹ̀.

Wọ́n sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú, bí ẹ̀sìn rẹ̀ ti wí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe sin ín. Àwọn ọkùnrin tó máa ń wẹ òkú ládùúgbò fẹ̀yìn ti ògiri níta, wọn ò wọlé. Wọ́n ní ikọ́ ife ló pa á, wọ́n ní Àbíjàn ló ti gbé e bọ̀. Ààfáà àgbàlagbà kan àti àbúrò Nímọ́tà nìkan ló wẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ọkùnrin yìí ń ti Àbíjàn bọ̀ wá ṣọdún Iléyá, ta ni kì í wá kí i káàbọ̀? Ta ni kì í jẹ nínú ẹrù rẹ̀? Mo dúró lójúde, ojú tì mí fún gbogbo wa.

Èmi àti Mùkáílà jọ dàgbà ni. A jọ dẹ òkété lọ́nà Ìsúndúnrìn kí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó mú un lọ sí Àbíjàn. Ibẹ̀ ló ti tajà, ibẹ̀ ló ti gbọ́ Faransé débi pé ó ń fi bú èèyàn. Bó bá rí mi, á ní, "Mọ̀nàmí!" Bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rẹ́ mi lọ́hùn-ún nìyẹn. Ẹ̀rín rẹ̀ pọ̀. Bó bá ń rẹ́rìn-ín, ẹni tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ á bá a rín in.

Lẹ́yìn tí a gba òmìnira, ìjọba kọ́ Ilé-Ìwádìí Òkúta àti Amọ̀ sí ọ̀nà Ìsúndúnrìn. Ẹ ò rí bí inú wa ṣe dùn tó. Wọ́n ní òkúta ilẹ̀ wa yóò di àwo, yóò di táìlì, yóò di èyí tí wọ́n ń fi gbé wáyà iná mànàmáná sórí òpó. Orílẹ̀-èdè kan lókè òkun bá wa dòwò pọ̀. Wọ́n fún wa lẹ́rọ, wọ́n sì rán òyìnbó kan, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní Músíò, pé kó wá kọ́ wa níṣẹ́ náà títí yóò fi di tiwa. Faransé ni Músíò ń sọ. Níbo ni ìjọba yóò ti rí ògbufọ̀ bí kò ṣe ní Èjìgbò?

Bí Mùkáílà ṣe pa ìsọ̀ rẹ̀ dé ní Àbíjàn nìyẹn. Mo bi í pé ṣé ó dá a lójú. Ó ní, "Mọ̀nàmí, ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Wọ́n ń tún ilé wa ṣe, kí n wá jókòó sí àjò máa gbọ́ ìròyìn ẹ̀?"

Ẹ jẹ́ kí Ọmọpẹ́, obìnrin ará Ìsúndúnrìn tó ń ku òkúta lílọ̀ níbẹ̀, sọ fún yín bí Mùkáílà ṣe ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ Músíò. Ó ní bí Músíò bá fọwọ́ lu tábìlì, Mùkáílà náà á lù ú. Bí Músíò bá lejú, Mùkáílà á lejú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí, wọ́n á sì mọ iṣẹ́ náà. Gbogbo ohun tí ilé-ìwádìí yẹn mọ̀ lónìí, ẹnu Mùkáílà ló gbà kọjá.

Ẹ̀rọ ńlá kan wà níbẹ̀ tó ń lọ òkúta funfun kúnná bí èlùbọ́. Páìpù kan wà lórí rẹ̀, fáànù wà nínú páìpù náà, òun ló ń fa eruku jáde síta. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni Músíò ti sọ ọ́, Mùkáílà sì túmọ̀ rẹ̀ fún gbogbo wọn: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tan ẹ̀rọ yìí bí páìpù ò bá ṣiṣẹ́, nítorí eruku òkúta yìí, bó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, kì í jáde mọ́.

Ọjọ́ ìṣílé wá dé. Àwọn èèyàn ńlá ti Ìbàdàn wá pẹ̀lú agbádá funfun. Ẹnu páìpù sì kọjú sí ibi tí wọ́n to àga wọn sí. Kí ni kí a ṣe? Kí eruku má baà ba agbádá jẹ́, Dókítà Oyèdèjì tó jẹ́ adarí ní kí wọ́n kan pákó mọ́ ẹnu páìpù. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n pè é. Wọ́n tan ẹ̀rọ, àwọn àlejò ń wò ó láti òkèèrè, a pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ ń ta wá.

Pákó yẹn wà níbẹ̀ di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ilé lọ́dà, kò dáa kí eruku bà á jẹ́. Fèrèsé ọ́fíìsì adarí wà níwájú páìpù, kò dáa kí eruku wọlé. Àlejò lè yọjú nígbàkúgbà. Músíò bínú, ó sọ̀rọ̀ títí, ṣùgbọ́n àkókò rẹ̀ pé, ó sì palẹ̀ mọ́. Kó tó wọ mọ́tò, ó di Mùkáílà lọ́wọ́ mú pé kó má jẹ́ kí wọ́n gbàgbé páìpù. Mùkáílà tọ adarí lọ.

"Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ jọ̀ọ́, Músíò ní kí a ṣí páìpù yẹn. Ó ní ewu ni."

"Músíò ti lọ," Dókítà Oyèdèjì ló dá a lóhùn bẹ́ẹ̀. "Ṣé ìwọ lo wá di Músíò ni? Iṣẹ́ ògbufọ̀ ti parí. Tó o bá ṣì ń fẹ́ iṣẹ́ níbí, lọ bá wọn nídìí ẹ̀rọ."

Ó lọ bá wọn nídìí ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin ìjọba wá ń sọ nínú rédíò pé ìmọ̀ òyìnbó ti di tiwa. Èwo nínú ìmọ̀ náà? Èyí tó ń lọ òkúta la gbà. Èyí tó ń dáàbò bo ẹni tó ń lọ̀ ọ́, a fi pákó dí i lẹ́nu.

Mo rí i nígbà náà bó ṣe ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ó funfun láti irun dé ẹsẹ̀, títí kan ìpéǹpéjú. Àwọn ọmọdé ń sá fún un pé iwin ń bọ̀. Ó máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, á na ọwọ́ sí wọn, á lé wọn. Nígbà tó yá, kò lè lé wọn mọ́, ikọ́ ti wọ̀ ọ́. Wọ́n mú un lọ sí ibi ìtọ́jú tó wà ní ilé-ìwádìí. Wọ́n ní níbo ló ń gbé tẹ́lẹ̀, ó ní Àbíjàn. Ìbéèrè parí. Wọ́n ní ikọ́ ife ni, wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Àwa ará Èjìgbò náà sì gbà! Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti mọ́ wa lára. Bàtà tó dáa, Àbíjàn ló ti wá. Ọmọ tí kò kí àgbàlagbà, Àbíjàn ló ti kọ́ ọ. Àìsàn tí a kò bá mọ orúkọ rẹ̀, Àbíjàn náà ni. Adarí mọ̀ wá dáadáa, ó mọ irọ́ tí yóò wọ̀ wá létí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: Ọmọpẹ́ ò kọjá Ògbómọ̀ṣọ́ rí láyé rẹ̀, ikọ́ ti ń mú un. Òjó ará ìlú Ara tó ń da òkúta sẹ́nu ẹ̀rọ, ikọ́ ti ń mú òun náà. Ṣé àwọn yẹn náà ti Àbíjàn bọ̀ ni?

Lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹta, ilé-ìwádìí rán dírẹ́bà wá. Inú mi fẹ́ dùn. Àṣé bàtà àti fìlà iṣẹ́ tí wọ́n fún Mùkáílà ló wá gbà. Nímọ́tà kó o fún un, ó ní, "Ṣé wọn ò ní kí ẹ kí mi ni?" Dírẹ́bà náà wolẹ̀.

Mo padà lọ kí obìnrin yìí lánàá. Ó bu omi fún mi, ó sì fọwọ́ bo ẹnu ife náà. Ó ní, "Bàbá Rose, ẹ má bínú. Eruku tó ń bá a wálé ló wà lórí àjà. Mo ti gbá a, mo ti nù ún. Tí ọyẹ́ bá fẹ́ báyìí, á tún máa rọ̀ sílẹ̀. Ó ń bà sínú oúnjẹ, ó ń bà sórí àwọn ọmọ. Ọkọ mi ò tíì lọ." Mo mu omi náà. Láti ọjọ́ tí a ti sin ọkọ rẹ̀, bí mo bá ti gbọ́ ìró ẹ̀rọ yẹn láti ojú títì, ikọ́ Mùkáílà ni mò ń gbọ́ nínú rẹ̀, mo sì ń sáré kọjá bí ẹni tí nǹkan ń lé.

Wọ́n ní àrùn là á wò, a kì í wo ikú. Ó dáa, ẹ wo àrùn. Dókítà Oyèdèjì, ẹ pa ẹ̀rọ yẹn títí ẹ ó fi yọ pákó ẹnu páìpù. Ẹ kó gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá n'Íbàdàn kí wọ́n yẹ àyà wọn wò. Kí ẹ sì wá sí Èjìgbò lọ́jọ́ Jímọ̀, kí ẹ dúró níwájú mọ́ṣáláṣí, kí ẹ fi ẹnu yín sọ ohun tó pa ọkọ Nímọ́tà. Ẹ̀yin ìjọba tó fi í sípò, bí kò bá wá, ẹ̀yin ni kí ẹ wá.

Mo bi Ọmọpẹ́ pé kí ló dé tó ṣì ń lọ síbẹ̀. Ó ní bí òun bá jókòó sílé, wọ́n á mọ̀ pé òun ní ikọ́, ẹnikẹ́ni ò sì ní wọ ilé òun mọ́. Nítorí náà, ó ń fi ìborùn dí ẹnu nídìí ẹ̀rọ, ó ń gbé ikọ́ náà mì. Dókítà Oyèdèjì, ẹ sọ ohun tó ń mú obìnrin yìí fún un nígbà tó ṣì lè gbọ́.