Ọ̀dà Tó Wà Nídìí Àgbá

Ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀gbọ́n ìyá mi àti iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni a pàdánù nínú àgbàlá kan ní Kétu ní Èkó, ní àwọn ọdún tí ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ èyí, nítorí pé àwọn tó yẹ kó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà ti sọ ọ́ di ìtàn obìnrin aláìfura kan tí omi gbígbóná dà sí lára. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn àgbàdo tó ti hù, tí a sá sórí ẹní nínú oòrùn, àgbàlá yẹn ni ojú mi máa ń lọ. Ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń pọn níbẹ̀. Tíṣà ni mí nígbà náà ní ilé-ìwé kan lápá Ìkòsì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì ń gbé. Ó máa ń rẹ àgbàdo, á fi ewé bò ó títí yóò fi hù, á sá a, á lọ̀ ọ́, á wá pò ó mọ́ omi nínú àwọn ìkòkò amọ̀ gàgàrà tó wà lórí ààrò. Kì í rọ ọ́ kún dé ọrùn ìkòkò láéláé. Bí ó bá sì ra ìkòkò tuntun, omi tútù ni yóò kọ́kọ́ rọ kún inú rẹ̀, yóò fi í sílẹ̀ di òwúrọ̀, yóò sì fi àtẹ́lẹwọ́ wò ó bóyá ìdí rẹ̀ làágùn. Èyí tó bá làágùn kò gbọdọ̀ débi iná. Bí gbogbo àwọn tó ń pọntí nílé wọn ṣe ń dán ìkòkò wò nìyẹn.

Ní ọjọ́ kan ni wolé-wolé wọlé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó sì ń fi í kan àwọn ìkòkò náà lórí.

“Ìyá, ta ló ṣì ń fi ìkòkò pọntí ní Èkó?”

“Ọ̀gá, ẹ̀yin náà ṣáà mu nínú ẹ̀ lọ́jọ́sí, inú ò run yín.”

Alájọgbé wa, obìnrin Mùsùlùmí tó ń ta ata, bú sẹ́rìn-ín. “Èmi tí mi ò mu ún, òórùn ẹ̀ nìkan ń yó mi.”

Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó fọ́ ìkòkò kan lójú wa, ó ní òun yóò ti àgbàlá náà pa bí òun bá padà dé tí òun tún bá ìkòkò amọ̀ níbẹ̀. Àgbá irin ni kí á lò, ọ̀dọ̀ oníṣòwò kan ṣoṣo ní Ojota ni kí á sì ti rà á. Ẹ̀yìn-ọ̀-rẹyìn ni a tó gbọ́ pé àna rẹ̀ ni oníṣòwò náà.

Oníṣòwò náà bi wá léèrè ohun tí a fẹ́ fi àgbá ṣe, a sì sọ fún un. “Màmá, ẹ lọ fọkàn balẹ̀,” ó ní. “Àwọn ọmọ-ọmọ yín máa jogún ẹ̀ ni.”

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi dán an wò bí ó ṣe ń dán ìkòkò wò. Omi tútù wà nínú rẹ̀ di òwúrọ̀, kò sì jò. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ìdí rẹ̀, ó gbẹ. Ó dáná sí i.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó ń fi orógùn ro àgbàdo lílọ̀ tó ń hó nínú àgbá, ó wá dúró. “Kí ló ń rùn bí ìgbà tí wọ́n ń da ọ̀dà sí títì?” Mi ò tíì dìde tán tí ìdí àgbá fi ṣí. Omi gbígbóná lásán a máa ṣàn kúrò lára. Èyí lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹ̀kọ. Alájọgbé wa da gbogbo omi inú àmù rẹ̀ sí i, ó sì bá mi gbé e dé ọsibítù. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún. Kò tún pọntí mọ́ títí ó fi kú.

Nígbà tí mo dojú àgbá náà dé, mo rí ihò tí ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n ti fi páànù pẹlẹbẹ kan bò ó tẹ́lẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà dí i, wọ́n wá kùn ún ní dúdú. Omi tútù kò lè tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀. Iná nìkan ló lè tú u. Mo gbé àgbá náà dé ọ́fíìsì wolé-wolé. “Tíṣà,” ó ní, “ṣé èmi ni mo dáná?” Oníṣòwò ní àgbá omi ni òun tà. Láìpẹ́, wọ́n gbé wolé-wolé lọ sí ibòmíràn, kò sì sí ẹni tó bi í ní ìbéèrè kankan.

Mo mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ fi irin pọntí ní láti kọ́kọ́ se omi lásán nínú rẹ̀, kí ó sì jìnnà sí i. Mo ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìṣọ́ra tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi jogún wà fún àléébù amọ̀, kò sí fún ẹ̀tàn ènìyàn, n kò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni gbé ẹ̀bi yìí kà á lórí. Ẹni tó fọ́ ìkòkò tí kò jò, ẹni tó fi ọ̀dà dí àgbá tó jò, àti àwọn ọ̀gá wolé-wolé tó fi ìdí jókòó lé ẹjọ́ náà: bí wọ́n bá tilẹ̀ ti fẹ̀yìntì, ẹnu wọn kò tíì fẹ̀yìntì. Kí wọ́n jáde sí gbangba, kí wọ́n sọ ẹni tó mọ̀ nípa ihò náà nínú wọn, kí wọ́n sì sọ ìdí tí wọ́n fi jẹ́ kí ó dáná sí i.