Bátìrì Tí Mo Sá Sóòrùn

Bí mo bá rí bátìrì tí wọ́n sá sóòrùn báyìí, sasofóònù bàbá mi ni mo máa ń gbọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan ni, ní Sabon Tasha, lókè Ọya. Kò síná. Bàbá ń fun sasofóònù lójúde, ṣùgbọ́n dùùrù oníbátìrì tó ń lu ìlù sí i ti ń falẹ̀ bí ẹni tó ń tòògbé. Mo tú bátìrì rẹ̀, mo sá a sórí páànù gbígbóná. Nígbà tí mo dá a padà, ìlù ta kìjí!

Màálámù tó máa ń fi gòjé olókùn kan kọrin kiri dúró gbọ́.

"Shigo mana, Màálámù, wọlé!" ni Bàbá wí. Gòjé bá wọ inú orin náà.

Ìyá onílé yọjú. "Bàbá Ṣadé, irú àdàlù wo lèyí?" Èjìká rẹ̀ sì ti ń jó.

"Ẹ bi ọmọ mi, òun ló gbé iná wá."

Orí mi wú. Mi ò mọ̀ pé àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni ṣọ́ọ̀ṣì yọ Bàbá lẹ́gbẹ́ akọrin nítorí irú àdàlù orin bẹ́ẹ̀ gan-an.

Nígbà tí bátìrì tún kú, kò sẹ́ni tó kúrò níbẹ̀. Ìyá onílé ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, gbogbo wa bá fi àtẹ́wọ́ gbé ìlù náà lọ.