Ẹ̀gbẹ́ Òsì Ewúrẹ́ Mi

Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ẹ̀rín ló ń pa mí, bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà, díẹ̀ ló kù kí ọkàn mi já. Ewúrẹ́ kan ṣoṣo ni màmá màmá mi fi sílẹ̀ fún mi kí wọ́n tó kú, nílé wa ní Ìkòrò. Mo ti parí ìwé mẹ́wàá, ṣùgbọ́n mi ò ní nǹkan mìíràn láyé tí mo lè pè ní tèmi.

Lọ́jọ́ Sunday kan, a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, mo bá ewúrẹ́ náà níbi tó dùbúlẹ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, ikùn rẹ̀ yọ sókè gbọngbọn. Inú mi dùn débi pé ẹsẹ̀ lásán ni mo fi sáré lọ pe àbúrò màmá mi tó ń bá wa gbé.

"Àǹtí, ẹran mi ti lóyún. Ẹ wá wo ikùn."

Wọ́n ń tú gèlè wọn lọ́wọ́. "Òbúkọ wo ló rí i bá sọ̀rọ̀? Kọ́kọ́ wọ ulé lọ pààrọ̀ aṣọ, ìyá ìkókó."

Mo ní kí wọ́n rọra, ó ń sinmi. Ó sì jọ ẹni tó ń sinmi lóòótọ́, kò ké, kò janpata. Màmá mi ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọ́n fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀. Ìka ò wọlé. Èmi náà tẹ̀ ẹ́. Ó le bíi bọ́ọ̀lù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí.

"Ọmọ kọ́ nìyí," ni màmá mi wí. "Àpòlúkù ló wà lápá ibí, níbi tí oúnjẹ ń lọ. Kí ló jẹ?"

Àǹtí wo orí àpáta ẹ̀yìn ilé. A ti sá èèpo ẹ̀gẹ́ síbẹ̀ kó gbẹ fún ẹran, bí gbogbo àdúgbò ṣe ń ṣe. Òjò ti rọ̀ sí i nígbà tí a wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ewúrẹ́ ti jẹ ẹ́ ní tútù, ó wá ń wú nínú rẹ̀.

A gbé e dìde, a gbé ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ lé orí àpáta. Màmá mi da epo pupa sí i lọ́fun, Àǹtí fi igi há a lẹ́nu kó lè máa jẹnu, èmi ń fi epo tó kù ra ikùn. Mo ti rò pé ohun tó bá ń sinmi, inú rẹ̀ á dẹ̀. Ṣé ẹni tó ti fọ ìfun adìẹ rí ló yẹ kó rò bẹ́ẹ̀? Adìẹ ti kú, o fa ìfun rẹ̀ gùn, o jọ̀wọ́ ẹ̀, ó tún sún kì. Nǹkan inú ò jọ̀wọ́ ara ẹ̀ bọ̀rọ̀. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé tèyí ti nà kọjá ibi tó ti lè sún padà.

"Bá a sọ̀rọ̀, ìwọ tó kàwé," ni Àǹtí wí.

"Kí ni kí n sọ?"

"Sọ pé kó gùnfẹ̀, kó má tijú wa."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ kó tó gùnfẹ̀, òórùn kíkan gbá wa lójú, ó tún ṣe é. Mo tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìka mi wọlé díẹ̀, ara ẹran sì rọra tì í padà.

"Ó ti bọ́," ni mo wí.

"Kò tíì jẹ àpọ̀jẹ, kò tíì dá oúnjẹ padà sẹ́nu jẹ," ni màmá mi wí. "Pa ẹnu dé."

A dúró tì í títí oòrùn fi ń wọ̀, aṣọ ìsìn ṣì wà lọ́rùn wa. Nígbà tó yá, nǹkan kan gòkè lọ́fun rẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sọ́tùn-ún, sósì. Mo fò mọ́ màmá mi, gbogbo epo ọwọ́ mi lára búláòsì funfun wọn. Wọn ò bá mi wí.