Bí Mo Ṣe Kó Ìdílé Mímọ́ Wálé Láti Àkrà

Àkùkọ kò tíì kọ ní Ìnísà nígbà tí Ìyá Ìjọ kan ilẹ̀kùn mi. Mo ti wẹ̀, mo ti gbàdúrà, mo sì ti di ẹyin sísè àti búrẹ́dì sínú àpò. Mo rò pé màmá wá súre fún mi ni. Wọ́n súre lóòótọ́, àmọ́ wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan tì í nídìí.

"Délé, Ọlọ́run á mú ọ lọ, á mú ọ bọ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá gbé Màríà tó dúdú bíi tèmi wá síbí, mi ò ní kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo ti sọ fún Fadá. Mo sọ fún ìwọ náà."

Kí ẹni tí kì í ṣe ará ìjọ wa má baà ṣìnà, n ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́dọọdún tí Kérésìmesì bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, a máa ń to àwọn ère ìbí Jésù sí iwájú pẹpẹ. Àwọn Fadá òyìnbó ló kó wọn wá láyé àtijọ́, gbogbo wọn ló funfun báláú, àfi ọ̀kan nínú àwọn ọba mẹ́ta. Ewúrẹ́ kan ló wọ ilé ìjọsìn tó wá jẹ koríko inú ibùjẹ ẹran. Nígbà tí a fi máa lé e jáde, Màríà ti dá sí méjì, Jósẹ́fù kò ní imú mọ́, orí ọba kan sì ti yí lọ sábẹ́ àga akọrin.

Ọmọ Ìyá Ìjọ kan wà ní Àkrà tó ń ta aṣọ ní ọjà Kaneshie, Àǹtí Fẹlí. Nígbà tí wọ́n gbọ́ lórí fóònù, wọ́n ní àwọn yóò ní kí agbẹ́gilére kan níbẹ̀ gbẹ́ tuntun fún ìjọ gẹ́gẹ́ bí ọrẹ ọpẹ́. Fadá wa gba fóònù lọ́wọ́ màmá, wọ́n ní, "Ẹ sọ fún agbẹ́gilére náà pé kí àwọn ère náà jọ àwọn ènìyàn wa o." Ọ̀rọ̀ yìí ló fa gbogbo rẹ̀. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ìjọ ní katikíìsì ni wọ́n rán láti lọ kó àwọn ère náà wá.

Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí funfun tàbí dúdú. Ìyá Ìjọ ló kọ́ mi ní katikíìsì. Ọwọ́ wọn ló di ọwọ́ mi mú nígbà tí n kò tíì mọ bí a ṣe ń ya àmì àgbélébùú. Ìbẹ̀rù mi kan ṣoṣo ni pé kí Kérésìmesì má dé kí ipò màmá níwájú ibùjẹ ẹran wá ṣófo. Bí wọn kò bá sì kúnlẹ̀, ìyá kankan nínú ẹgbẹ́ wọn kò ní kúnlẹ̀.

Mo wọ ọkọ̀ dé Òṣogbo, mo wọ òmíràn dé Ìbàdàn àti Èkó, níbẹ̀ ni mo ti bọ́ sínú bọ́ọ̀sì ńlá tó ń lọ Àkrà. Ní Sẹ̀mẹ̀ tó jẹ́ ẹnubodè wa, mo ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná ní Kútọnú. Ní Kútọnú, búrẹ́dì wọn gùn bí ọmọ odó, ìyá tó sì ń ta ẹyin dá mi lóhùn ní Yorùbá tó fẹ́ jọ tiwa. Láti ibẹ̀ dé Lomé, òkun sún mọ́ ọ̀nà tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbé ẹsẹ̀ mi sókè. Ní Aflao tó jẹ́ ẹnubodè Gáńà, òṣìṣẹ́ kan sọ fún mi pé, "Akwaaba." Ẹ kú àbọ̀ tiwọn nìyẹn. Kí n tó dáhùn, ó ti ní kí n mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára mi jáde.

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni a dé Àkrà. Àǹtí Fẹlí ń dúró dè mí. Ẹ jẹ́ kí n júwe wọn, nítorí ojú yìí ni ìtàn mi dá lé: pélé lẹ́rẹ̀kẹ́, èjí lẹ́nu, iwájú orí tó yọ síta bí ìbòrí ilé, àti ẹ̀rín tí kì í kúrò lójú.

"Délé! Akwaaba o! Chale, ọ̀rẹ́ mi, ìwọ lo ga báyìí? Màmá mi ńkọ́?"

"Wọ́n wà, Àǹtí. Wọ́n ní ìgbà wo lẹ ń bọ̀ wálé?"

"Kérésìmesì tó ń bọ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Bí mo ṣe ń wí lọ́dọọdún kọ́ nìyẹn?"

Ilé wọn wà ní Kokomlemle. Kẹ́ńkẹ́ ni wọ́n fi ṣe mí lálejò. Ẹ̀kọ tiwọn ni, ṣùgbọ́n ó le ju tiwa lọ, ó kan díẹ̀, háhá àgbàdo ni wọ́n sì fi ń wé e. Sídì kan, owó tiwọn, ni wọ́n ń ta ẹyọ kan. Ata dúdú kan tí wọ́n ń pè ní shito, tí wọ́n fi edé dín, ni a fi jẹ ẹ́. Mo jẹ méjì, mo sì lá ọwọ́. Àǹtí sọ fún mi pé Alata ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe àwa Yorùbá, àti pé ọṣẹ dúdú pàápàá, Alata samina ni wọ́n ń pè é. Ìyẹn ni pé a ti wẹ gbogbo ìlú náà mọ́ kí n tó débẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì a wọ trotro, bọ́ọ̀sì kékeré tiwọn, dé Kaneshie, a tún wọ òmíràn lọ sí Darkuman níbi tí agbẹ́gilére náà wà. Lójú ọ̀nà mo ń wo àwọn àwòrán Olúwa wa. Ọ̀kan wà lẹ́yìn ọkọ̀, ó dúdú, ó ró kente, aṣọ òfì tiwọn. Òmíràn wà lára ìsọ̀ onígẹ̀rí, ẹyinjú rẹ̀ ní àwọ̀ aró, irun rẹ̀ sì balẹ̀ dé èjìká. Mo bi Àǹtí pé onígẹ̀rí wo ló ń fi ẹni tí kò gẹ irun rí polówó iṣẹ́ ara rẹ̀. Wọ́n ní kí n dákẹ́, àwọn ènìyàn ń gbọ́.

Ataa Kwei ni orúkọ agbẹ́gilére náà. Bí ẹni wí pé bàbá ni Ataa lédè Gã. Erin onígi tí àwọn òyìnbó máa ń rà lọ sílé ló fi ń jẹun. Àǹtí ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó fi ìgbéraga ká aṣọ kúrò lórí Màríà.

Àǹtí Fẹlí ni. Pélé, èjí, iwájú orí, kò ku ìkan.

Ó ká aṣọ kúrò lórí Jósẹ́fù. Àǹtí Fẹlí tó hu irùngbọ̀n ni. Áńgẹ́lì: Àǹtí Fẹlí tó ní ìyẹ́. Olùṣọ́-àgùntàn: Àǹtí Fẹlí tó mú ọ̀pá. Ọba méjì: Àǹtí Fẹlí tó dé adé, lẹ́ẹ̀méjì. Ọmọ ọwọ́ inú koríko náà yọ iwájú orí síta.

Àǹtí gbé ọwọ́ lérí. "Ataa! Kí lèyí?"

"Fadá yín ní kí wọ́n jọ àwọn ènìyàn yín," ni ọkùnrin náà wí. "Nínú gbogbo Alata, ìwọ nìkan lo máa ń jókòó níwájú mi, tí o ń sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ojú ta ni kí n wá lọ jí?"

Mo tọ́ka sí àwọn àgùntàn. "Ewúrẹ́ lèyí, bàbá. Ewúrẹ́ gan-an ló sì bá wa jà nílé. Irun àgùntàn dà?"

"O la Àkrà kọjá kí o tó débí. O rí àgùntàn tó wọ súwẹ́tà?"

N kò rí i. Mo wá bèèrè ọba kẹta, nítorí òun nìkan ni kò jọ Àǹtí. Òyìnbó ni, tí wọ́n ń pè ní obroni níbẹ̀. Ó pupa lójú, ó wọ ṣòkòtò péńpé, ó dé fìlà oòrùn, wúrà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ataa Kwei wò mí bí ẹni ń wo akẹ́kọ̀ọ́ tó gọ̀. "Nínú ère àtijọ́, gbogbo wọn funfun, ọba kan dúdú kí a lè mọ̀ pé ọ̀nà jíjìn ló ti wá. Níbí, gbogbo wọn dúdú. Ta ló wá ti ọ̀nà jíjìn wá?"

Lọ́nà ilé ni ẹ̀rín tó kúrò lójú Àǹtí. "Délé, màmá mi ò fẹ́ kúnlẹ̀ fún Màríà dúdú. Ṣé fún èmi tí wọ́n bí ni wọ́n máa wá kúnlẹ̀? Èèwọ̀!" Kérésìmesì sì ti sún mọ́lé, kò sí àyè láti gbẹ́ òmíràn. A fi aṣọ wé wọn, mo kó wọn sínú àpò ìrẹsì, mo fi ọ̀rọ̀ náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

A kọjá Aflao tán ni ọkọ̀ bọ́ sínú kòtò. Àpò tú, orí Jósẹ́fù yọ síta. Màdáámù tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fò dìde.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ẹ gbà mí o! Ọkùnrin yìí gbé òrìṣà dání!"

"Dírẹ́bà, dúró! Kó sọ̀ kalẹ̀!" ni àwọn èrò ẹ̀yìn ọkọ̀ ń ké.

Mo yára gbé ọmọ ọwọ́ náà sókè. "Ẹ má bẹ̀rù. Jésù nìyí."

"Mo lé ọ lórúkọ Jésù!" Màdáámù na Bíbélì sí i.

"Màdáámù, ẹni tí ẹ fi orúkọ rẹ̀ lé e náà lẹ ń lé yẹn."

Ọ̀rọ̀ mi tún bà á jẹ́ sí i ni. Dírẹ́bà ti ń wá ibi tí yóò dúró sí. Mo bá fa ọba òyìnbó yọ, pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé rẹ̀, mo gbé e lé orí itan. Dírẹ́bà wò ó nínú dígí, ó sì ń wa ọkọ̀ lọ.

"Áà," ni Màdáámù wí, ó sì jókòó. "Nǹkan ṣọ́ọ̀ṣì ni. Kí ló dé tí ẹ ò tètè sọ?"

Bí ọba náà ṣe jókòó sórí itan mi dé Èkó nìyẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kò tú ẹrù mi, ọ̀kan tiẹ̀ kí i pé, "Ẹ káàsán, sà." Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí díẹ̀ pé àlejò ló wá ń ṣe onídùúró fún Onílé.

Nígbà tí mo dé Ìnísà, Fadá àti àwọn ìyá ti pé síwájú pẹpẹ. Ìyá Ìjọ jókòó, wọ́n ká apá mọ́ àyà. Mo to àwọn ère náà sílẹ̀, mo ká aṣọ kúrò lórí Màríà. Màmá rọra dìde.

"Fẹlí?"

Wọ́n wo Jósẹ́fù. "Fẹlí?" Wọ́n wo áńgẹ́lì. Fadá kọjú sí ògiri, èjìká wọn ń gbọ̀n fún ẹ̀rín.

"Ẹ jọ̀ọ́, màmá," ni mo wí, "kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ kúnlẹ̀."

"Kí n kúnlẹ̀ kẹ̀? Fún ọmọ tí mo bí? Orí rẹ dà rú ni?"

Ìgbà náà ni ojú wọn bọ́ sára ọmọ ọwọ́ tó wà nílẹ̀ nínú koríko. Wọ́n wò ó títí. Ohùn wọn yí padà. "Bó ṣe rí gan-an nìyí lọ́jọ́ tí mo bí i. Orí yìí fìyà jẹ mí." Wọ́n bá kọjú sí wa. "Ta ló tẹ́ ọmọ tuntun sílẹ̀ ní ìhòòhò nínú ọyẹ́ yìí? Ẹ̀yin ò mọ ọmọ tọ́jú ni?"

Wọ́n tú ìborùn èjìká wọn. Ibùjẹ ẹran náà sì lọ sílẹ̀. Kí ọwọ́ wọn lè tó ọmọ náà, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n sì ń wé e, wọ́n ń kì í ní oríkì ìdílé wọn. Lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ìyá yòókù kúnlẹ̀ lẹ́yìn wọn.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n ní kí n pe Àkrà. "Fẹlí, mo ti rí ọ. O ti hu irùngbọ̀n. Wálé kí n tó kú."

Júù ni Olúwa wa, kò sì sẹ́ni tó ya àwòrán rẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi ni pé ojú ẹni tó ń jókòó tì í ni agbẹ́gilére máa ń fún un, òyìnbó fún un ní ti òyìnbó, Ataa Kwei fún un ní ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó mú mi lọ tó mú mi bọ̀, tí kò jẹ́ kí wọ́n já mi sílẹ̀ lọ́nà Lomé. A fi ọba òyìnbó ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, nítorí ewúrẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, ọkọ̀ kan dúró níwájú ilé ìjọsìn, Àǹtí Fẹlí sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù. Àwọn ọmọ katikíìsì mi tó ń gbálẹ̀ tajú kán rí wọn, wọ́n ju ìgbálẹ̀ nù, wọ́n sáré wọlé, wọ́n ń pariwo:

"Ìyá Ìjọ! Ìyá Ìjọ! Jósẹ́fù ti dé o! Ó ti fá irùngbọ̀n!"