Ọkùnrin Amọ̀ Tí Kò Kí Bàbá Rẹ̀

Nígbà tí mo wọ ọdún kejì ní yunifásítì, bàbá mi sọ fún mi pé sáà kan péré ni àwọn fún mi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni, wọn kò sì tíì mọ ohun tí wọn ó máa fi òwúrọ̀ wọn ṣe, nítorí náà ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n gbé síwájú. Wọ́n ti gbọ́ pé ní ẹ̀ka tí mo wà, amọ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ wa ní fíìmù. Wọ́n ní kí n parí sáà náà, kí n gbé ohun tí mo bá kọ́ wá sílé kí àwọn wò ó. Bí àwọn kò bá rí nǹkan gidi nínú rẹ̀, àwọn á bá mi lọ sí ilé ìwé, a ó sì pààrọ̀ ẹ̀ka mi sí ti àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Wọn kò pariwo. Bí ẹni ń ka ìpinnu ìpàdé ni wọ́n ṣe sọ ọ́.

Mo fẹ́ dúró ní ẹ̀ka yẹn. N kò fẹ́ nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀ rí, ó sì ń bí mi nínú pé ọwọ́ ẹlòmíì ló wà.

Iṣẹ́ náà rọrùn láti ṣàlàyé. Ẹ ó fi wáyà ṣe egungun ènìyàn kékeré kan, ẹ ó fi amọ̀ bò ó. Ẹ ó gbé e sórí tábìlì, ẹ ó ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ ó sún apá rẹ̀ díẹ̀, kó má ju ìbú hóró ìrẹsì kan lọ, ẹ ó tún yà á. Fọ́tò méjìlá ló ń di ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí fóònù bá wá sáré gbé gbogbo fọ́tò náà tẹ̀léra, ọkùnrin amọ̀ á máa gbé apá rẹ̀ sókè fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ tí tèmi kọ́kọ́ gbé apá sókè, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo wò ó bí ìgbà ogún. N kò pe ẹnikẹ́ni wá wò ó. Mo fẹ́ kó jẹ́ tèmi nìkan fún ìgbà díẹ̀.

Amọ̀ aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni mo kọ́kọ́ lò. Ooru Lọ́kọ́ja kò jẹ́ kó gbádùn. Bó bá ti ń di aago mọ́kànlá, ọkùnrin mi á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, orí rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, èmi náà á sì máa gbé e nà. Mo lọ bu amọ̀ létí odò lẹ́yìn Old Market, ó gbẹ, ó sán káàkiri. Níkẹyìn mo po méjèèjì pọ̀, mo fi òróró díẹ̀ sí i, mo sì ń jí ní aago márùn-ún ààbọ̀ kí n lè ṣiṣẹ́ kí oòrùn tó dé. Old Market náà ni mo ti ra wáyà, lọ́wọ́ ìyá Nupe kan tó ń ta irin wẹ́wẹ́. Ìyá náà bi mí ní Hausa pé, "Me za ki yi da shi?" Mo ní egungun ènìyàn ni mo fẹ́ fi ṣe. Ó wò mí títí, ó wá yára gé wáyà náà fún mi kí n lè máa lọ.

Inú yàrá mi nílé wa ní àdúgbò Otokiti ni mo ti ń ṣe é. Bí màmá mi bá ń gún iyán nínú ilé ìdáná, tábìlì mi á máa gbọ̀n, ọkùnrin amọ̀ á sì sún kúrò níbi tí mo fi í sí. Mo bẹ màmá mi pé kí wọ́n dín iyán kù. Wọ́n ní kí n kúkú lọ sọ fún bàbá mi fúnra mi. N kò lọ.

Olùkọ́ wa kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ní kí fíìmù kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú kan, láìsí ọ̀rọ̀ ẹnu, kí ẹni tó bá wò ó sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìtàn tèmi kò le. Ọ̀dọ́kùnrin kan ti ìrìn àjò dé, ó wọ ilé, ó bá bàbá rẹ̀ lórí àga, ó jókòó, wọ́n jọ jẹ iyán, bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Ibi tí wọ́n ti ń jẹun ni mo fi ń yangàn, nítorí mo jẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá náà máa wú bí ó ti ń jẹun, mo sì jẹ́ kí òkèlè máa kéré sí i. Olùkọ́ wa wò ó, wọ́n mi orí, wọ́n fún mi ní máàkì tó dára.

Nígbà tí ilé ìwé gba ìsinmi, mo gbé e jáde kí wọ́n wò ó. Bàbá mi jókòó sórí àga wọn ní pálọ̀, màmá mi dúró lẹ́yìn wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì fi fóònù lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n gbé e jìnnà sí ojú, wọ́n wò ó tán, wọ́n ní kí n tún fi í hàn àwọn.

"Ta nìyí tó wọlé?"

"Ọmọ ilé ni, Bàbá. Ó ti ìrìn àjò dé ni."

"Àgbà tó jókòó yìí ńkọ́?"

"Bàbá rẹ̀ ni."

Wọ́n tún un wò. "Ọmọ yìí kò kí bàbá rẹ̀."

Màmá mi tẹ̀ síwájú. "Lóòótọ́ ni o. Ó kàn wọlé, ó jókòó ti iyán."

Mo ṣàlàyé. Mo ní ìdọ̀bálẹ̀ nìkan máa gba ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ìyẹn ọgọ́ta fọ́tò, wáyà ìbàdí rẹ̀ sì lè ṣẹ́ bí mo bá tẹ̀ ẹ́ jù. Mo ní olùkọ́ wa kò rí i bí àṣìṣe.

"Ọjọ́ mélòó lo fi ṣe é?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Bàbá."

"Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," ni wọ́n wí, "kò ráyè kí bàbá rẹ̀."

Ẹ̀rín pa màmá mi. Wọ́n ní, "Ṣé òun kọ́ lo sọ pé ó máa ń tẹ orí ba tí oòrùn bá mú?"

"A jẹ́ pé oòrùn ti ń kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ilé," bàbá mi dáhùn. "Ìwọ lo ń gbé e nà."

Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí n kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ohun tó dùn mí jù ni pé òtítọ́ ni wọ́n sọ. Nínú ilé wa, ènìyàn kò lè ti yàrá bọ́ sí pálọ̀ láàárọ̀ láì kí ẹni tó bá níbẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúnlẹ̀ fún wọn tán ni mo fi fíìmù náà hàn wọ́n, síbẹ̀ n kò rí i pé ohun kan sọnù nínú rẹ̀. Orí fóònù ni mo ti ń wo bí àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè ṣe ń ṣe irú fíìmù yìí, nínú tiwọn ènìyàn á ṣílẹ̀kùn, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó bá wá. Mo kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ lọ́dọ̀ wọn, mo sì kọ́ ìwọlé wọn mọ́ ọn láì mọ̀.

Bàbá mi kò tíì ní kí n kúrò ní ẹ̀ka náà, wọn kò sì ní kí n dúró. Ilé ìwé máa wọlé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ní, "Ṣe é kó pé. Màá tún un wò kí ẹ tó wọlé. Ìgbà yẹn ni màá tó mọ ohun tí mo máa sọ."

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé obìnrin ni mí. Mo mọ ìkúnlẹ̀ dáadáa, ara mi mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n n kò dọ̀bálẹ̀ rí láyé mi. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin méjèèjì wà níbi iṣẹ́ wọn lọ́nà jíjìn. Mo gbìyànjú fún òwúrọ̀ mẹ́ta. Nígbà àkọ́kọ́, ó dà bí ẹni tí bàtà gbé ṣubú. Nígbà kejì, màmá mi ní ó jọ ẹni tó ń wá owó tó bọ́ sábẹ́ àga. Nígbà kẹta, bàbá mi ń kọjá lọ lójú ọ̀nà yàrá mi, wọ́n dúró, wọ́n wo ọkùnrin náà lórí tábìlì, wọ́n sì lọ.

Ní ọjọ́ kejì ìyẹn, bàbá mi jáde láti yàrá wọn, wọ́n ti di sòkòtò wọn le. Wọ́n ní, "Gbé fóònù rẹ wá."

Ó yé mi lójú ẹsẹ̀ pé wọ́n fẹ́ fi ìdọ̀bálẹ̀ hàn mí. Mo sáré lọ jókòó sórí àga wọn ní pálọ̀, nítorí ibẹ̀ ni àgbà máa ń jókòó, mo sì fẹ́ kí fóònù rí ohun tí àgbà ń rí. Mo gbé e sókè, mo ní kí wọ́n ó máa bọ̀. Wọn kò bọ̀. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò mí.

"Dìde níbẹ̀."

N kò tètè mọ ohun tí mo ṣe.

"Ṣé ìwọ ni kí n dọ̀bálẹ̀ fún?"

Ojú tì mí dé ẹsẹ̀. Mo fi tìmùtìmù gbé fóònù náà ró lórí àga, mo lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tìnnì. Wọ́n bọ́ bàtà wọn síta, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n rìn wọlé ní ìṣísẹ̀ bíi mẹ́rin. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì kan ilẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ sẹ́yìn, àyà wọn sì bá ilẹ̀. Kò sí ìkánjú nínú rẹ̀. Wọ́n ní, "Okun o, Bàbá." Bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn nílùú wa ní Yàgbà nìyẹn, mo sì ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn bẹ́ẹ̀ rí. Ohùn wọn kéré.

Wọn kò dìde. Fáànù ń yí lókè, wọ́n wà nílẹ̀. Mo rò pé orúnkún wọn ló kọ̀, mo sì gbé ẹsẹ̀ kan láti lọ ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n gbé ìka kan sókè lórí símẹ́ńtì pé kí n dúró. Nígbà tó yá wọ́n di apá àga mú, wọ́n gbé ara wọn nílẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tó pẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń gbọn ẹ̀wù wọn.

"Wọn kò tíì dáhùn ni," ni wọ́n wí. "Èèyàn kì í dìde láìjẹ́ pé wọ́n dá a lóhùn."

Mo rò pé wọ́n ń ṣe bí òṣèré ni. Inú mi dùn pé wọ́n mú un ní kókó bẹ́ẹ̀, mo sì jókòó ti fóònù náà, mo ka ohun tó wà nínú rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: ọwọ́ tó kọ́kọ́ kan ilẹ̀, ìgbà tí orí lọ sílẹ̀, ìgbà tí ẹ̀yìn tẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá ni wọ́n fi wà nílẹ̀ láì dìde.

Mo lọ́ wáyà mẹ́ta pọ̀ fún ìbàdí ọkùnrin amọ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀. Òwúrọ̀ méje ni mo fi ṣe ìdọ̀bálẹ̀ yẹn nìkan. Mo fi apá kan ránṣẹ́ sí olùkọ́ wa lórí fóònù. Èsì wọn kò gùn: "This your man don sleep? Abeg cut am." Wọ́n tọ̀nà lójú iṣẹ́, torí ẹni tó bá wò ó lè rò pé fóònù ló há. Mo gé ìdúró náà sí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Mo wò ó, ó dà bí irọ́, mo bá dá gbogbo rẹ̀ padà. Fíìmù náà ju ìṣẹ́jú kan lọ, n kò sì bìkítà mọ́. Lẹ́yìn ìdúró yẹn mo jẹ́ kí bàbá amọ̀ gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí ẹsẹ̀, kí ó fi lé ẹ̀yìn ọmọ náà, kí ọmọ náà sì dìde. N kò ronú jinlẹ̀ kí n tó ṣe é. Bí bàbá kò bá dáhùn, ọmọ kò ní lè dìde jẹ iyán, ìtàn ò sì ní lọ síwájú.

Ọ̀sán Sátidé ni mo fi hàn wọ́n, nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí ilé ìwé wọlé. Màmá mi ti lọ sí ìpàdé obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwa méjì péré ló wà nílé. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta wọ́n ní kí n dá a dúró níbi tí ọwọ́ àgbà náà ti kan ẹ̀yìn ọmọ.

"Ìwọ lo ní kó dáhùn?"

"Èmi ni, Bàbá."

Wọ́n mi orí. Wọ́n ń wo fóònù náà, wọn kò wò mí, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka ìwé tí ẹlòmíì kọ. "Nígbà tí mo gba ìwé iṣẹ́ ní Lọ́kọ́ja níbí, mo lọ sílé lọ sọ fún bàbá mi. Oko ni wọ́n fẹ́ kí n jókòó tì. Mo bá wọn lórí àga níwájú ilé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí wọn. Wọn kò dá mi lóhùn. Wọ́n dìde, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, wọ́n mú ọkọ́ wọn, ó di oko. Mo wà nílẹ̀ níbẹ̀ títí ìyá mi fi wá fà mí dìde. Nígbà tí mo máa tún padà délé, ìsìnkú wọn ni mo lọ ṣe."

Wọ́n fi etí ẹ̀wù nu ojú fóònù náà, wọ́n nà án sí mi. Àánú wọn ṣe mí, ẹ̀rù tara mi náà sì ń bà mí, nítorí wọn kò tíì sọ ìpinnu wọn. Mo rò ó pé kí n kúkú bèèrè. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo ká ìró mi, mo sì ń kúnlẹ̀ lọ. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ máa bá iṣẹ́ yìí lọ."

"Dìde," ni wọ́n wí. "Máa bá a lọ."

Orúnkún mi kò tíì kan ilẹ̀.