Ẹni Tó Ń Jà Kì Í Lanu

Ọdún tí eékún ọ̀tún mi yẹ̀ lójú ìjà, mo ti lé ní ogójì ọdún, mo sì ti fi bí ogún nínú rẹ̀ ja ìjàkadì jẹun. Dókítà wò mí títí, ó ní bí mo bá tún padà sínú okùn tí a ti ń jà, ọ̀pá ni n ó máa fi rìn. Mi ò bá a jiyàn. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, mi ò lè jókòó sójú kan mọ́. N ó rìn láti Òkè-Ìlá tí à ń gbé dé ọjà, n ó padà sílé, n ó tún dìde. Ìyàwó mi ní mo dà bí adìẹ tó fẹ́ yé ẹyin tí kò rí ibi yé e sí.

Ibi tí mo ti ń rìn kiri báyìí ni ilé-iṣẹ́ rédíò ti ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n fẹ́ máa gbé ìjàkadì sáfẹ́fẹ́ lọ́sàn-án Sátidé láti gbọ̀ngàn ìlú, wọ́n sì ń wá ẹni tó mọ̀ ọ́n jà tó tún mọ̀rọ̀ ọ́ sọ. Ọ̀gá wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń lo awò ojú, ní kí n kọ́kọ́ dán an wò. Mo ní kí ló wà ńbẹ̀? Ohun tí mo ti fi gbogbo ara ṣe, ṣé ẹnu ni yóò wá ṣòro fún?

Sátidé àkọ́kọ́, mo bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Mo sọ àwọ̀ ṣòkòtò wọn, mo sọ bí ọ̀kan ṣe sanra tí èkejì ga. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe di ara wọn mú gan-an, mo dákẹ́. Èmi fúnra mi ò mọ̀ pé mo dákẹ́. Ìgbà tí rẹfirí na ọwọ́ ẹni tó borí sókè ni mo tó rántí pé máíkì wà níwájú mi.

Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ fi yé mi ni pé ẹni tó ń jà kì í lanu. Bí wọ́n bá ti gbá ẹ mú, wàá sé èémí sínú ikùn, wàá pa ẹnu dé. Bí wọ́n bá là ẹ́ mọ́lẹ̀ tí èémí ṣì wà nínú rẹ, wàá dìde. Bí o bá ti tú u jáde, ó parí. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ nínú wa, àtẹ́lẹwọ́ bàbá náà ni yóò bá a lẹ́nu. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Mo jókòó nídìí máíkì, àwọn méjì ń jà, èmi náà ń sé èémí bá wọn.

Nígbà tí mo délé, aládùúgbò wa, télọ̀ kan tó wá láti Ìlọrin, ti ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní òun rò pé bátìrì rédíò òun ló kú. Òun yọ ọ́, òun fi eyín tẹ̀ ẹ́, òun sá a sóòrùn, nígbà tí òun sì máa fi dá a padà, wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, àbí ẹ sùn ni?”

Inú bí mi, mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé.

Ọ̀gá rédíò ò pariwo ní tiẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, Sátidé kan ló kù. Tẹ́ ẹ bá tún dákẹ́, olùkọ́ kan wà tóhùn rẹ̀ dùn, òun ni mo máa gbé iṣẹ́ náà fún.” Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Mi ò níṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Inú okùn ni n ó padà sí, ọ̀pá tàbí kò sọ́pá. Síbẹ̀, kí n má purọ́, nǹkan kan nínú mi ń yọ̀. Ẹni tó ṣì ń sé èémí, oníjàkadì ṣì ni.

Ọmọ Ìgèdè ni ìyàwó mi, kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò. Lálẹ́ Ajé, ó da iṣu tó jinná sínú odó, ó gbé ọmọ odó lé mi lọ́wọ́.

“Ẹ gún un, kẹ́ ẹ sì máa sọ̀rọ̀. Uṣu ò lè gbé yín ṣubú.”

Ẹ bi mí pé kí ni mo ń sọ. “Ó gbé e sókè o! Ó gbé e sókè! Ó là á mọ́lẹ̀!” Gbogbo àdúgbò ń rẹ́rìn-ín. Níbi tí ọmọ odó bá ti fẹ́ balẹ̀ ni ẹnu mi máa ń pa dé fúnra rẹ̀, ìyàwó mi á sì kígbe, “Ẹ má dákẹ́!” Odidi ọjọ́ márùn-ún la fi jẹ iyán tó ní kókó.

Sátidé kejì dé. Àwọn ọmọkùnrin méjì tí wọ́n gbóná ló wọ inú okùn. Nígbà tó yá, ọ̀kan kó sábẹ́ ìkejì, ó gbé e léjìká. Mo lanu. Mo sọ bó ṣe fi orúnkún dúró, mo sọ bí ẹsẹ̀ ẹnìkejì ṣe ń gbá afẹ́fẹ́ lókè, mo sọ̀rọ̀ títí ẹ̀yìn ọmọ náà fi kan kanfásì ilẹ̀, èémí mi ń wọlé, ó ń jáde, bíi ti ẹni tó ń wo òjò láti ojú fèrèsé. Ọ̀gá rédíò bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní kí n wá fọwọ́ síwèé lọ́jọ́ Ajé.

Bí mo ṣe dé Òkè-Ìlá, mo jókòó sórí àga, mi ò lè dìde. Omi ń bọ́ lójú mi. Ìyàwó mi ti ilé ìdáná jáde, ó dúró, ó wò mí.

“Ṣé wọn ò gbà yín ni?”

“Wọ́n gbà mí,” mo ní. “Àmọ́ mi ò sé èémí mọ́.”